Kwadwo Safo Kantanka: Ẹni Tó Kọ Orúkọ Tirẹ̀ Sára Ẹ̀rọ

  

Nínú ìwé ọdún wa, ìtàn àwọn baba àti ìyá wa tó kọ́kọ́ wá wá oúnjẹ òòjọ́ ní ilẹ̀ Gánà ni a sábà máa ń kà. A mọ ìtàn àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ṣòwò dé Tamale. A mọ ti àwọn ará Ọ̀fà, Ìgbòho, Ṣakí, Ìnísà àti Èjìgbò tí wọ́n ní ìsọ̀ káàkiri ọjà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ọmọ onílé ni mo fẹ́ sọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ọkùnrin kan tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní Gánà papò dà. Orúkọ rẹ̀ ni Kwadwo Safo Kantanka, ẹni tí wọ́n máa ń pè ní Àpọ́sítélì Safo. Ẹni ọdún 77 ni.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé ọjà, àwọn ará Gánà tí a jọ ń tajà dákẹ́ bí ẹni tí bàbá wọn kú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí a bí sí Accra níbí wá bi mí pé, “Bàbá, kí ni ọkùnrin yìí ṣe gan-an?” Mo dá a lóhùn ní ṣókí nítorí oníbàárà wà níwájú mi. Ìdáhùn tó yẹ kí n fún un nìyí.

Ìgbà tí wọ́n bí i

Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1948 ni wọ́n bí Kwadwo Safo ní Bekwai, ní ilẹ̀ Ashanti. Ó ku bí ọdún mẹ́sàn-án kí Gánà tó gba òmìnira. Ẹ jẹ́ kí á wo irú ayé tí wọ́n bí i sí. Ní ti ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, ọdún 1935 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rédíò ní Accra, tí wọ́n ń fi wáyà fa ohùn wọ àpótí tí wọ́n so mọ́ ara ògiri ilé àwọn tó ń sanwó rẹ̀. Irú rẹ̀ náà ni èyí tí àwọn òbí wa mọ̀ sí rédífúṣọ̀n ní Èkó àti Ìbàdàn. Ní ti ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, Ìbàdàn ti ní tirẹ̀ láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1965 ni ti Gánà tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Safo ń lọ sí ọmọ ọdún 17.

Gbogbo àpótí wọ̀nyí, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá. Ti Gẹ̀ẹ́sì wà, ti Philips wà láti ilẹ̀ Họ́láńdì, ti Japan náà sì wá lẹ́yìn. Lóòótọ́, wọ́n to rédíò kan ní Gánà tí wọ́n sọ ní Akasanoma, èyí tó túmọ̀ sí ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin àgbà kan nínú wa yóò rántí rẹ̀. Sanyo ti ilẹ̀ Japan bá ìjọba Gánà dá iṣẹ́ amóhùnmáwòrán sílẹ̀, wọ́n sì ń to àpótí rẹ̀ ní Tema. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ inú rẹ̀, ti àlejò ni. Ọmọ Gánà ń dè é ní ṣúkúrúù ni.

Inú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni Safo ti dàgbà. Kì í ṣe yunifásítì ni ó ti jáde kí ó tó máa ṣe ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó gbájú mọ́, ohun tí kò bá sì yé e, yóò tú u wò títí yóò fi yé e.

Ìjọ, oko àti ilé iṣẹ́

Ní ọdún 1971, Safo dá ìjọ Kristo Asafo sílẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ìjọ tí a kàn ń gbàdúrà níbẹ̀ lásán ni, ó ṣì í rò. Ìjọ náà ń dáko, oko ńláńlá. Ìjọ náà ní ẹgbẹ́ eléré ìtàgé tó gbajúmọ̀ gan-an ní Gánà, tí wọ́n ń pè ní Kristo Asafo Concert Party. Lọ́dọọdún ni wọ́n sì máa ń fún àwọn opó, ọmọ òrukàn, ẹlẹ́wọ̀n àti aláìní ní oúnjẹ àti ohun èlò. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ wá kún un. Ó dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Gomoa Mpota, ní ẹkùn Àárín Gbùngbùn Gánà, ní apá ojú ọ̀nà tó lọ sí Cape Coast. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pàtẹ ohun tí wọ́n ṣe kí gbogbo ayé wá wò ó. Àwọn ènìyàn ti rí ẹ̀rọ gbohùngbohùn níbẹ̀, wọ́n ti rí amóhùnmáwòrán tí orúkọ Kantanka wà lára rẹ̀, wọ́n ti rí katakata tí ń wa ilẹ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àti hẹlikópítà. Àwọn kan máa ń lọ láti yà wọ́n lẹ́nu. Àwọn mìíràn máa ń lọ láti rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n ń lọ.

Ó dára kí á mọ ohun tó wà nínú iṣẹ́ yìí, nítorí àwa tí a ń ta ẹ̀rọ kì í sábà béèrè. Ẹ mú gbohùngbohùn ṣe àpẹẹrẹ. Bí oníwàásù bá sọ̀rọ̀ sí máíkì, ohùn rẹ̀ ń lu awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà nínú rẹ̀. Awọ náà yóò máa gbọ̀n, gbígbọ̀n rẹ̀ yóò sì di iná mànàmáná tín-ín-rín. Iná yìí kéré púpọ̀, kò lè gbé nǹkan kan. Ibẹ̀ ni trànsísítọ̀ ti wọlé. Trànsísítọ̀ dà bí ọmọdé tó jókòó sẹ́nu ẹ̀rọ omi ńlá: agbára ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí ó bá yí i ṣí díẹ̀, omi ńlá yóò ya jáde, bí ó bá yí i padà, omi yóò dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni iná kékeré láti inú máíkì ṣe ń darí iná ńlá láti ara bátìrì tàbí jẹnẹrétọ̀, tí ohùn kan náà yóò fi jáde gbàgà láti ẹnu lasifíkà. Oṣù kejìlá ọdún 1947 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe trànsísítọ̀ àkọ́kọ́, oṣù mẹ́jọ péré kí wọ́n tó bí Safo ní Bekwai. Kò sí idán níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ ọ yóò mọ̀ ọ́n, ìbáà jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ọmọ Bekwai.

Láti ara rédíò dé ara ọkọ̀

Ní ọdún 1994 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Kantanka sílẹ̀. Ní 1998 ni wọ́n fi ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe han aráyé. Ẹ kíyè sí i: láti 1998 sí ìgbà tí ọkọ̀ náà dé ọwọ́ ará ìlú lójú ọjà, ó tó bí ọdún 17. Mélòó nínú wa ló lè fi ọdún 17 tọ́jú ọjà kan tí kò tíì pa owó wọlé? Nígbà tí ó fi di ọdún 2016, ọkọ̀ náà ti wà lójú títì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Kwadwo Safo kékeré, ni ó sì fi ṣe olórí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Nígbà tí Volkswagen máa bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Accra ní ọdún 2020, wọ́n bá Kantanka lójú ọ̀nà.

Orúkọ tó sọ àwọn ọkọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú. Kò lọ yá orúkọ òyìnbó. Ọ̀kan ń jẹ́ Onantefo, ìyẹn arìnrìn-àjò ní èdè Akan. Òmíràn ń jẹ́ Omama, òmíràn ń jẹ́ Daasebre. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ wọn ti mọ ilé tí wọ́n ti jáde.

Ẹ̀sùn tí àwọn ènìyàn fi kàn án

Nígbà tí mo mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé wa, ẹnìkan dìde, ó ní, “Alága, ẹ má tàn wá jẹ. Ṣé ẹ kò mọ̀ pé láti Ṣáínà ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn ti ń wá? Títò ni wọ́n ń tò ó.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ẹ́ńjìnnì àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà ń ti òkèèrè wá, àwọn kan sì sọ pé ìrísí rẹ̀ jọ ti ọkọ̀ Ṣáínà. Mi ò ní bo èyí mọ́lẹ̀, nítorí ìtàn tí a bá fi irọ́ kọ́ kì í pẹ́ wó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹlòmíràn, kí á fi wọ̀n ọ́n wò.

Gbogbo wa la mọ rédíò National. Kò sí ilé bàbá kan tí kò sí níbẹ̀ nígbà kan. Ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni Konosuke Matsushita, ọmọ Japan, tí wọ́n bí ní ọdún 1894. Òwò bàbá rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, ìyà dé. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n mú un kúrò ní ilé ìwé, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú Osaka. Ó kọ́kọ́ wà ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun ìdáná eléèédú, lẹ́yìn náà ó lọ sí ìsọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere. Nígbà tó yá, ó bá ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ṣiṣẹ́. Ní 1918, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò ìyàwó náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn nínú ilé kékeré kan. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò ju ẹnu iná lásán lọ, èyí tí a ń ki wáyà bọ̀.

Ní 1923, ó ṣe iná kẹ̀kẹ́ tó ń lo bátìrì, tó ń tàn fún ọgbọ̀n wákàtí àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọlọ́jà kò gbà á, wọ́n ní iná kẹ̀kẹ́ oníbátìrì kì í pẹ́ kú. Kí ni Matsushita ṣe? Ó gbé iná náà lọ sí ìsọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó tan án, ó sì fi í sílẹ̀ ní títàn, kí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ máa ṣọ́ ọ títí yóò fi kú. Ojú ara wọn ni wọ́n fi rí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí rà á. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ha rí ẹ̀kọ́ níbẹ̀? Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń lọ nìyí. Ní 1952, nígbà tí Matsushita ti di ọlọ́rọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ti kàn, ó ṣì lọ bá Philips ti ilẹ̀ Họ́láńdì ṣe àdéhùn, kí ó lè gba ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn. Kò tijú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Toshio Iue lorúkọ rẹ̀, kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó lọ dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1947. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà ni Sanyo. Sanyo yìí kan náà ni ó wá bá Gánà dá iṣẹ́ amóhùnmáwòrán sílẹ̀ ní 1965. Ẹ wò ó bí nǹkan ṣe ń rìn: láti inú ilé kékeré tí wọ́n ti ń ṣe ẹnu iná, ó dé Tema.

Nítorí náà, ẹni tó ń to nǹkan lónìí kò jẹ̀bi. Ẹni tó jẹ̀bi ni ẹni tó ń tò ó tí kò béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Safo àti àwọn tó ń de rédíò ní ṣúkúrúù ni pé ó ń béèrè, ó ń tú u wò, ó sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tó bá rí níbẹ̀.

Kí ló kàn wá nínú rẹ̀?

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ onílé ni, kí ló kan àlejò? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Gánà ní ọdún 1960, àwa Yorùbá ju 100,000 lọ níbí. Ọwọ́ wa ni òwò púpọ̀ wà nínú ọjà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹ̀yin tí bàbá yín wà níbẹ̀, ẹ ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ta ọjà ní ẹ̀dínwó, bí àwọn mìíràn ṣe ti ìlẹ̀kùn tí wọn kò sì padà wá ṣí i mọ́. Kí á má sì ṣe sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé àwa kò ṣe irú rẹ̀: ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà, báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù sì ń jẹ́ Ghana Must Go títí di òní. Òfin ìdókòwò tí Gánà ṣe ní 2013 sọ pé òwò orí àtẹ nínú ọjà àti ìkiri, ti ọmọ Gánà ni. Ó ní àjèjì tó bá fẹ́ máa ra ọjà tà gbọ́dọ̀ mú mílíọ̀nù kan dọ́là wá, kí ó sì gba ogún ọmọ Gánà tó mọṣẹ́. Ní 2019 àti 2020, a fojú wa rí i nígbà tí wọ́n ti ìsọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní agbègbè Circle.

Àgádágodo lè ti ìsọ̀. Kò lè ti ìmọ̀ tó wà nínú orí àti ọwọ́ ọmọ. Lára ohun tí àwọn baba wa kó lọ ní 1969, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ wọn ni iṣẹ́ ọwọ́: aṣọ híhun, aṣọ rírán, irin rírọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan tó wà nínú ilé gbogbo wa dì í. Àwọn Akan àti àwọn Gã ń pe Yorùbá ní Alata. Orúkọ náà ti pẹ́: àdúgbò Ngleshie Alata wà ní James Town níbí. Ọṣẹ dúdú wa, tí a ń fi eérú èèpo kòkó àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú epo ṣe, ohun tí wọ́n ń pè é ní Gánà ni alata samina, ìyẹn ọṣẹ Alata. Àwọn ìyá wa ta aṣọ níbí, wọ́n ta ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ta ata, wọ́n ta abọ́ àti ìkòkò. Lónìí, ta ló tún ń so orúkọ wa mọ́ abọ́ tí a tà? Ohun tí a fi ọwọ́ wa ṣe ni orúkọ wa ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n lé ènìyàn lọ ní 1969, wọn kò yí orúkọ ọṣẹ padà.

Mo ní láti jẹ́wọ́ ní tèmi. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, mo wọ ìsọ̀ lọ́jọ́ kan, mo bá ọmọ mi kejì tó ti tú rédíò tuntun kan palẹ̀. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà náà. Mo nà án dáadáa. Mo ní, “Rédíò títà ni iṣẹ́ wa, kì í ṣe rédíò títú.” Láti ọjọ́ náà kò fọwọ́ kan ṣúkúrúù mọ́. Ó ń tajà lónìí, ó ń jẹun, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Safo kú, tí mo ń wo amóhùnmáwòrán, mo rí àwọn ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń sunkún ọ̀gá wọn, rédíò ọjọ́ náà ni mo rántí. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tí mo fi gbà á pọ̀ jù.

Ìmọ̀ràn mi

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí mo fẹ́ gbé ka iwájú ìpàdé gbogbogbòò wa nìyí.

Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ wa yọ owó sọ́tọ̀ nínú àpò ìrànlọ́wọ́, kí á máa fi ọmọ méjì sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọọdún, lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin, lọ́dọ̀ ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ rédíò, fóònù tàbí iná tó ń lo oòrùn. A ń náwó sí ìsìnkú, a ń náwó sí ìsọmọlórúkọ, ó dára. Ẹ jẹ́ kí á náwó sí èyí náà.

Èkejì, kí òbí má ṣe máa yọ ọmọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó gbòmìnira. Ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ dé ìdajì ni ó ń ba ẹ̀rọ oníbàárà jẹ́. Safo fi ọdún púpọ̀ dúró ti ohun kan. Ọdún mẹ́ta kò pọ̀ jù fún ọmọ wa.

Ẹ̀kẹta, kí á má ṣe máa wo ọmọ onílé bí ẹni tó kàn wá rajà lọ́wọ́ wa nìkan. Àwọn náà ní ọ̀gá tí ọmọ wa lè kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ Gánà, tó sì sọ èdè rẹ̀, kì í ṣe àjèjì lójú rẹ̀ mọ́.

Safo ti lọ. Kò rí gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe kó tó lọ, kò sì sí ẹni tó ń rí i. Ṣùgbọ́n ó fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó fi ọmọ tó ń darí rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọmọṣẹ́ sílẹ̀, ó sì fi orúkọ kan sílẹ̀ lára ọkọ̀ àti lára amóhùnmáwòrán, tí ọmọ Gánà kò ní láti yá èdè ẹlòmíràn kó tó pè é. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kí Ó fún àwa náà ní ọmọ tí yóò ṣe ohun tí orúkọ wa yóò wà lára rẹ̀. Kí ìlú Accra tù wá lára, kí ilé náà má sì gbàgbé wa.